Bí oúnjẹ alẹ́ orí omi ṣe di òde

Màmá kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní ọjà Wuse lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó gbé fóònù rẹ̀ lé orí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, ó ní, "Télọ̀, bá mi ka ohun tí wọ́n kọ síbí."

Àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló sanwó fún òun àti Bàbá kí wọ́n lọ fi ọjọ́ méje gbádùn ara wọn lórí ọkọ̀ ojú omi, torí pé ó pé ogójì ọdún tí wọ́n ti ṣègbéyàwó. Southampton ni ọkọ̀ yóò ti gbéra. Àwọn tó ni ọkọ̀ ti fi ìlànà ìmúra ránṣẹ́. Alẹ́ márùn-ún, kí wọ́n wọ ohunkóhun tó bá ṣáà ti bójú mu. Alẹ́ méjì tó kù, kí wọ́n múra bí ẹni tí ọba pè wá jẹun. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wọ níkà wọ yàrá ìjẹun ńlá bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ bá ti lù.

"Ta ló tilẹ̀ gbé irú òfin yìí kalẹ̀?" Màmá bi mí. "Ṣé kí ẹja tí mo fẹ́ jẹ lè mọ̀ pé èmi ni mò ń bọ̀ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ mo mọ díẹ̀ nínú ìtàn náà, torí iṣẹ́ tí bàbá bàbá mi ṣe ní Kàdúná láyé òyìnbó. N óò dé ibẹ̀.

Òfin yìí kì í ṣe òfin inú omi rárá. Orí ilẹ̀ ló ti bá àwọn olówó wọ ọkọ̀, bí eku ṣe ń bá àpò ìrẹsì wọlé. Ní nǹkan bí 1850, aṣọ tó ti ń gbó ni ẹni tó bá fẹ́ la òkun Atlantic kọjá máa ń kó dání. Kí ló fẹ́ fi tuntun ṣe? Omi iyọ̀ á ta sí i, èéfín èédú á bà lé e, èébì á sì parí èyí tó kù. Ní yàrá ìjẹun, bẹ́ǹṣì gígùn ni wọ́n tò sí ìdí tábìlì gígùn. Ẹni tó bá jókòó sáàárín tó fẹ́ dìde, àfi kó gbé ẹsẹ̀ ré bẹ́ǹṣì kọjá tàbí kó bẹ gbogbo ìlà kí wọ́n yà fún un. Ẹ wá ro obìnrin tó wọ gáùn tó ń wọ́lẹ̀ síbẹ̀.

Ní 1871 ni iléeṣẹ́ White Star gbé ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Oceanic jáde. Wọ́n gbé yàrá ìjẹun sí àárín ọkọ̀, níbi tó fẹ̀ jù tí ìgbì kì í ti í fi bẹ́ẹ̀ jù ú, wọ́n sì fún oníkálukú ní àga tirẹ̀. Ní 1879, ọkọ̀ City of Berlin tan iná mànàmáná sínú yàrá tirẹ̀. Àwọn ìwé a máa yin ẹ́ńjìnnì àti eré àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n èmi tí mo ń ránṣọ jẹun gbà pé àga àti iná yẹn ló bí ohun tí Màmá ń béèrè. Iṣẹ́ ọrùn tí ẹnikẹ́ni ò rí, ta ni à ń ṣe é fún?

Aṣọ tí wọ́n wá ń wọ̀ ńkọ́? Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin olówó kì í jẹun alẹ́ láìwọ kóòtù dúdú onírù gígùn àti táì funfun, kódà nínú ilé ara rẹ̀. Ní 1865, ọmọ ọba tó padà di Edward Keje ní kí Henry Poole, télọ̀ ní Savile Row, òpópónà àwọn télọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, rán jákẹ́ẹ̀tì kúkúrú tí kò nírù fún òun, kóun lè máa fi jẹun alẹ́ ní Sandringham, ilé rẹ̀ ní ìgbèríko, nígbà tí kò bá sí àlejò ńlá. Ní 1886, irú jákẹ́ẹ̀tì yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn olówó tó ń gbé ní Tuxedo Park, lẹ́bàá New York. Ìdí nìyẹn tí Amẹ́ríkà fi ń pè é ní tuxedo títí di òní. Ẹ jẹ́ kí n là á bí a ṣe ń là á ní ṣọ́ọ̀bù: kóòtù onírù ni agbádá, jákẹ́ẹ̀tì kúkúrú ni bùbá àti ṣòkòtò tó kù sára nígbà tí wọ́n bọ́ agbádá tán. Aṣọ ìdẹ̀ra ni. Ó yà mí lẹ́nu pé òun ni wọ́n wá ń fi dẹ́rù ba ènìyàn lónìí.

Àìríṣẹ́ ṣe ló bí ọkọ̀ ìgbafẹ́ fúnra rẹ̀. Albert Ballin, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ ọkọ̀ Hamburg-Amẹ́ríkà, rí i pé bí òtútù bá ti dé, àwọn èrò máa ń sá fún òkun àríwá, ọkọ̀ olówó iyebíye á sì máa jókòó lásán. Ní January 1891, ó kó èrò sínú Augusta Victoria, ó ní kí ọkọ̀ náà máa gbé wọn káàkiri òkun Mẹditaréníà, ibi tí oòrùn wà, kó sì dá wọn padà síbi tó ti gbé wọn. Wọ́n lò tó oṣù méjì. Nígbà tó rí i pé ó pé òun, ó kan ọkọ̀ kan tí kò níṣẹ́ mìíràn ju fàájì lọ, Prinzessin Victoria Luise, tí wọ́n tì sómi ní 1900.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ẹni tó ń lọ New York níbi tó ń lọ. Ó lè fara da aṣọ yòówù títí yóò fi gúnlẹ̀. Ẹni tó wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ kò níbi tó ń lọ, ibi tó ti kúrò náà ló ń padà sí. Kí ni yóò wá máa retí láti àárọ̀? Oúnjẹ alẹ́ ni. Oúnjẹ alẹ́ ti di òde, kò sì sí Yorùbá tó nílò àlàyé lórí ẹni tó múra lọ sóde.

Àwọn ọkọ̀ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé fún òde náà. Ní 1905, ọkọ̀ Amerika ti Ballin gbé ilé oúnjẹ Ritz wọnú omi. Lórí Titanic ní April 1912, ẹnì kan ló ń fun fèrè pe àwọn èrò kíláàsì kìíní wá jẹun. Sítúwọ́ọ̀dù kan tó yè nínú rẹ̀ sọ pé nígbà tí ọkọ̀ ń rì, olówó kan, Benjamin Guggenheim, bọ́ ẹ̀wù ìgbẹ̀mílà sílẹ̀, ó sì lọ wọ aṣọ oúnjẹ alẹ́ rẹ̀, ó ní bí òun yóò bá kú, kí òun kú bí ọmọlúwàbí. Wọ́n a máa yìn ín fún ìyẹn. Tèmi ni kí ẹ bá mi wá ẹ̀wù ìgbẹ̀mílà. Nígbà tí Normandie ti ilẹ̀ Faransé dé ní 1935, yàrá ìjẹun kíláàsì kìíní rẹ̀ gba 700 ènìyàn, àtẹ̀gùn ni wọ́n sì ń bá sọ̀ kalẹ̀ wọ inú rẹ̀ kí gbogbo ojú lè ríran wò. Ẹni tó bá ti rí tọkọtaya àti àwọn aláṣọ ẹbí bí wọ́n ṣe ń jó wọ gbọ̀ngàn níbí ní Garki mọ iṣẹ́ tí àtẹ̀gùn yẹn ń ṣe.

Òfin kékeré kan wà tó wù mí nínú gbogbo rẹ̀: a kì í múra ńlá lálẹ́ àkọ́kọ́, a kì í sì í múra ńlá lálẹ́ tó kẹ́yìn. Àpótí ló fà á. Lálẹ́ àkọ́kọ́, wọn kò tíì tú ẹrù. Lálẹ́ tó kẹ́yìn, wọ́n ti dì í tán. Ọ̀rọ̀ alágbàrù ló wá di ọ̀rọ̀ ọmọlúwàbí.

Lẹ́yìn náà ni ooru dá sí i. Àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Íńdíà gbọ́dọ̀ la Òkun Pupa kọjá, ẹ̀rọ amúlétutù kò sì tíì dé. Àwọn òyìnbó gbìyànjú, ó sú wọn. Wọ́n bọ́ jákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ó ku ẹ̀wù funfun àti ṣòkòtò dúdú, wọ́n sì fi ọ̀já fífẹ̀ kan wé ìbàdí kó má bàa dà bí ẹni pé wọn kò múra. Lọ́dọ̀ àwọn ará Íńdíà ni wọ́n ti rí ọ̀já náà. Kamarband ni orúkọ rẹ̀ lédè Páṣíà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ohun tí a fi ń di ìbàdí. Àmùrè tiwa náà nìyẹn. Títí di òní, bí ẹ bá rí òyìnbó tó wọ tuxedo tó di nǹkan dúdú mọ́ ikùn, ooru Íńdíà ló gbé e dé ibẹ̀. Nígbà tó yá, jákẹ́ẹ̀tì funfun náà dé fún ilẹ̀ olóoru.

Jákẹ́ẹ̀tì funfun yẹn ló so ìtàn yìí mọ́ ilé wa. Ọmọ Ọ̀fà ni bàbá bàbá mi. Ojú irin tó ń lọ sí Kánò gba ìlú wọn kọjá, òun ló sì wọ̀ dé Kàdúná, tó di sítúwọ́ọ̀dù lọ́dọ̀ òyìnbó ìjọba kan. Iṣẹ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ni kó lọ jákẹ́ẹ̀tì. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ni. Á kọ́kọ́ fẹ́ eérú kúrò lójú rẹ̀, á da omi sí i kó gbọ́ bó ṣe dún, lẹ́yìn náà á tẹ́ aṣọ funfun mìíràn lé jákẹ́ẹ̀tì kí ẹyin iná má bàa ta sí i. Gbogbo aṣọ tí wọ́n bá ti sá síta ló gbọ́dọ̀ lọ̀, títí kan síńgílẹ́ẹ̀tì, torí eṣinṣin kan tó ń yé sára aṣọ tútù, tí ọmọ rẹ̀ ń wọ awọ ara ènìyàn lọ bí eéwo. Lẹ́yìn náà ló máa gbé bàtà aláwọ gígùn tó dé orúnkún jáde, èyí tí òyìnbó máa ń wọ̀ sábẹ́ ṣòkòtò dúdú nítorí ẹ̀fọn. Òyìnbó náà á jókòó, táì labalábá lọ́rùn, bàtà ẹ̀fọn lẹ́sẹ̀, òun nìkan, níwájú àwo ọbẹ̀ kan. Bàbá àgbà ní òun bi í lẹ́ẹ̀kan pé ta ló ń múra dè. Òyìnbó náà ní tí òun bá dẹ́kun, òun ò ní mọ ìgbà tí iṣẹ́ parí.

Bí àkókò ìsinmi òyìnbó náà bá tó, ọkọ̀ ojú irin ló máa gbé e dé Àpápá láti wọ ọkọ̀ Elder Dempster lọ sí Liverpool, ìrìn bí ọ̀sẹ̀ méjì. Àpótí méjì ni bàbá àgbà máa ń dì fún un. Ọ̀kan á wà nínú yàrá pẹ̀lú rẹ̀, ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn á sọ pé wọ́n nílò rẹ̀ lójú ọ̀nà. Èkejì á lọ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Bàbá àgbà kò mọ ìwé kà, ó kàn mọ àwọ̀ ìwé náà ni. Inú àpótí àkọ́kọ́ ni jákẹ́ẹ̀tì funfun ń gbé.

Aureol ni ọkọ̀ tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa ṣì máa ń dárúkọ. Ọkọ̀ funfun báláú, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951, òun àti ọkọ̀ Accra àti ọkọ̀ Apapa ló sì gbé ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lọ kàwé ní ìlú òyìnbó. Ní October 1958, bàálù oníjẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò kọjá Atlantic, ọ̀nà tó ń gba ọjọ́ márùn-ún wá di ti wákàtí. Àwọn ọkọ̀ ojú omi wá ń tẹ̀lé ara wọn jáde lẹ́nu iṣẹ́. Aureol náà fi ojú ọ̀nà sílẹ̀ ní 1974.

Àwọn tó kù sá sínú fàájì. Ní 1972, Ted Arison dá iléeṣẹ́ ọkọ̀ ìgbafẹ́ Carnival sílẹ̀ ní Miami. Ọkọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ gun orí iyanrìn níbi tó ti ń jáde ní èbúté, ṣùgbọ́n àwọn èrò tó wá lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe ọmọ olówó ìgbà Normandie mọ́. Wọ́n fẹ́ jó, wọ́n fẹ́ wẹ̀, wọ́n fẹ́ jẹun. Ní 2000, iléeṣẹ́ ọkọ̀ Norwegian sọ fún èrò tirẹ̀ pé kí wọ́n jẹun nígbà tó bá wù wọ́n, kí wọ́n sì yé wá táì kiri. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ Cunard ni kò gbà. Lórí ọkọ̀ wọn, Queen Mary 2, alẹ́ ńlá ṣì ni alẹ́ ńlá, tuxedo àti gáùn gígùn. Ẹni tí kò bá fẹ́ múra lè jẹun níbòmíràn nínú ọkọ̀; wọn kò ní lé e sómi.

Ibi tí mo fẹ́ kí Màmá gbọ́ nìyí: lára ohun tí wọ́n gbà lálẹ́ ńlá ni aṣọ ìbílẹ̀ ẹni, bó bá jẹ́ ti òde. Ẹ rántí Tafawa Balewa ní July 1961, tó wọ aṣọ ilẹ̀ Hausa lọ bá àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ ní Washington, tí ẹnikẹ́ni kò bi í pé táì rẹ̀ dà.

"Nítorí náà, Mà," mo ní, "ẹ má ra tuxedo kankan fún Bàbá."

Bàbá fúnra rẹ̀ wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. A fẹnu kò sí sányán. Ọmọ Kánò tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì ló ṣe iṣẹ́ ọrùn, ó sì fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe é. Mo dín ẹ̀gbẹ́ agbádá kù níbùú ọwọ́ kan lápá méjèèjì, torí mo mọ bí tábìlì wọn ṣe máa ń sún mọ́ra. Ọwọ́ agbádá tó bá kọ́kọ́ bọ́ sínú ọbẹ̀ ò ní jẹ́ kó gbádùn ọjọ́ méje. Màmá fẹ́ wé gèlè onípele. Mo bẹ̀ ẹ́ pé eré ìtàgé máa ń wà lẹ́yìn oúnjẹ, àwọn ènìyàn sì máa jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Kò dá mi lóhùn. Mo ní kí wọ́n kó ìró, bùbá àti bùbá òun ṣòkòtò kan sínú báàgì ọwọ́ fún alẹ́ àkọ́kọ́, bí àpótí ò bá tètè dé yàrá.

Bàbá wọ̀ ọ́ wò níwájú dígí, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì. Ó ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò.

"Télọ̀, bá mi jẹ́ kí àpò yìí jìn sí i."

"Kí lẹ fẹ́ kó sí i, Sà?"

Ó wo ẹ̀yìn bóyá Màmá ń gbọ́. "Ata gígún," ó ní. "Mo ti jẹ oúnjẹ wọn rí."