Ìlú Afòjòmu: Ẹ Fi Kànìnkànìn Sílẹ̀ ní Balùwẹ̀

"Ìlú kànìnkànìn" ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ètò ìlú kan ní Òṣogbo níbí ń pe sponge city, ìyẹn ìlú tí wọ́n ṣètò kí ilẹ̀ rẹ̀ lè fa òjò mu, kí omi má kàn ṣàn dànù. Ó ń bí mi nínú. Kànìnkànìn tiwa, ìdọ̀tí ara la fi ń ha kúrò. Bí a bá wẹ̀ tán, a gbọn omi rẹ̀ dànù, a gbé e kọ́ kó lè gbẹ. Ṣé irú ìlú tí wọ́n ń wá nìyẹn?

Òmíràn tún gbé "ìlú adájòdúró" dé. Ẹ̀gbọ́n, ta ló ní kẹ́ ẹ dá òjò dúró? Àwọn tí à ń bẹ̀ nígbà tí ìnáwó bá bọ́ sí ìgbà òjò ló niṣẹ́ yẹn. Kó rọ̀ là ń fẹ́.

Ìlú afòjòmu ni tèmi. Wọ́n ní ẹlẹ́mìí nìkan ló ń mu. Irọ́ ni! Ẹ bi àwọn tó ń gbẹ́ sókáwéè: bóyá ilẹ̀ ń mu omi ni wọ́n kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò.

Ẹ bu omi sórí gààrí gbígbẹ nínú abọ́, á fà á mu, á wú. Ẹ dojú abọ́ náà délẹ̀, kẹ́ ẹ da omi lé e ní ìdí: ẹsẹ̀ yín ni gbogbo rẹ̀ máa ṣàn sí. Abọ́ ìdojúdé ni àgbàlá tí a da kọnkéré bò láti ògiri dé ògiri.

Àpáta ló wà lábẹ́ Òṣogbo. Inú erùpẹ̀ orí àpáta àti ojú ẹ̀là rẹ̀ ni omi kànga wa ń gbé. Bí òjò bá ti orí páànù bọ́ sórí kọnkéré, tó sáré wọ odò Ọ̀ṣun, kí la máa fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Igbó Ọ̀ṣun, nǹkan bíi hẹ́kítà 75, tí UNESCO kọ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, ń fa òjò mu láìgba kọ́bọ̀.

Ìlú 16 ni Ṣáínà fi bẹ̀rẹ̀ ètò ìlú afòjòmu ní 2015, pẹ̀lú àfojúsùn pé kí wọ́n máa fa ìdá 70 nínú 100 òjò wọn mu tàbí kí wọ́n tún un lò. Ó níbi tó mọ o. Zhengzhou, ìlú ńlá kan ní Ṣáínà, náà náwó sí i, àmọ́ ní oṣù Keje 2021, òjò mìlímítà 201.9 rọ̀ níbẹ̀ ní wákàtí kan péré, omi wọnú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Gọ́tà ò tíì di aláìníṣẹ́, ẹ máa kó pàǹtí inú rẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ tẹ́ ìńtálọ́ọ̀kì, kó tẹ́ ẹ sórí yanrìn, kó má fi sìmẹ́ńtì dí àlàfo àárín rẹ̀.