Níbi tí àyẹ̀wò jíìnì fún jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ti ṣẹ̀ wá

Bí ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò jíìnì fún jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn yíyẹ jíìnì inú jẹjẹrẹ wò kí a lè mọ oògùn tó bá a mu, bá ṣẹlẹ̀ láàárín wa ní Abẹ́òkúta, ọdún 2004 ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ, wọ́n a ní Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Èmi kò gbà. Ẹ jẹ́ ká padà sí 1895. Ọdún náà ni Fadá Jean-Marie Coquard dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Lántòrò, èyí tí àwa Ẹ̀gbá fi ń yangàn pé ọ̀dọ̀ wa ni ilé ìwòsàn ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọdún yẹn kan náà, ní Würzburg ní Jámánì, Röntgen rí ìtànṣán tí a fi ń ya fọ́tò àyà títí dòní. Yunifásítì kan náà ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, Theodor Boveri, ti ń kọ́ni.

Boveri yìí ni mo gbè sí lẹ́yìn. Ẹyin ẹran òkun kan tó kún fún ẹ̀gún ló ń fi máíkírósíkóòpù wò. Ó rí i pé bí àtọ̀ méjì bá wọ ẹyin kan, kúrómósóòmù, àwọn okùn tín-ín-rín inú sẹ́ẹ̀lì tí jíìnì wà lórí wọn, kì í pín dọ́gba mọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tinú rẹ̀ jáde a sì dàrú. Ní 1914 ó kọ ọ́ sínú ìwé pé bí jẹjẹrẹ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tí kúrómósóòmù rẹ̀ ti bàjẹ́. Ọdún kejì ló kú. Lójú tèmi, Röntgen ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń rí egungun ènìyàn láì fọ̀bẹ kàn án ló fún un nígboyà láti wá gbòǹgbò àìsàn síbi tí ojú lásán kò tó. Àwọn babaláwo wa náà a máa dá Ifá kí wọ́n tó já ewé, torí àìsàn kan náà lára ẹni méjì lè má ní orísun kan. Orí òye yẹn gan-an ni àyẹ̀wò jíìnì dúró lé.

Àwọn kan ní àwọn awakùsà Schneeberg ní Jámánì, tí àwọn dókítà Härting àti Hesse kọ̀wé ní 1879 nípa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tó ń pa wọ́n, ni ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ohun tó fa àìsàn nìyẹn dá lé, kò kan inú sẹ́ẹ̀lì.

Ní 1990, àwọn oníṣègùn ní Amsterdam yẹ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ẹni 69 tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún wò. Jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní KRAS ti yí padà nínú jẹjẹrẹ ẹni 19. Láàárín ìgbà tí wọ́n fi ń ṣọ́ wọn, 12 nínú àwọn 19 yìí kú, 16 sì kú nínú 50 yòókù; ikú pọ̀ jù lára àwọn tí jíìnì náà yí padà.

Ohun tó kù yára. Ní 2004, àwọn onímọ̀ ní Boston àti New York rí ìyípadà nínú jíìnì mìíràn, EGFR, lára àwọn tí gefitinib, oògùn jẹjẹrẹ kan, bá lára mu. Ní 2007, àwọn ará Japan rí ti jíìnì ALK. Ìwádìí kan tó jáde ní 2009 láti Éṣíà fi hàn pé gefitinib dáa ju kẹ́mò (oògùn líle tí a fi ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ) lọ fún ẹni tí EGFR rẹ̀ ti yí padà, kẹ́mò ló sì dáa fún ẹni tí tirẹ̀ kò yí. Ìyípadà EGFR yìí wọ́pọ̀ jù lára àwọn obìnrin àti àwọn tí kò fẹnu kan sìgá rí, nítorí náà bí màmá yín bá ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún un pé kò mu tábà, kò nílò àyẹ̀wò jíìnì.