Àlùkò kì í kun osùn

Ìyá mi àgbà kì í gbà kí a gbe omi òjò lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìsánlú. Àlùkò ló ń bẹ̀rù. Wọ́n ní osùn ni ẹyẹ náà fi kun apá, pé bí òjò bá ti ń pa á ni osùn ń ṣàn sínú garawa, ẹni tó bá sì mu ún, ara rẹ̀ á máa yún. Mo ti lé ní ogún ọdún kí n tó jáwọ́ nínú ìgbàgbọ́ yìí, àwọn kan ṣì wà nílẹ̀ Òkun lónìí tí wọn kò tíì jáwọ́.

N kò dá wọn lẹ́bi. Ta ni kò mọ̀ pé àgbè ló laró, kì í ráhùn aró, àlùkò ló losùn, kì í ráhùn osùn? Ẹni tó bá losùn, ṣebí kíkùn ló ń kùn ún.

Ẹyẹ náà fúnra rẹ̀ sì dà bí ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́. Etí odò tí igbó ti dí ló fẹ́ràn. Tó bá bà sórí ẹ̀ka, ẹ ó rò pé dúdú lásán ni, àfi tí oòrùn bá kàn án, tó wá ń kọ mànà bí aṣọ aró tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òòlù lù. Iwájú orí rẹ̀ yẹ́lò, àtàrí rẹ̀ pọ́n, ìlà funfun kan sì wà lẹ́yìn ojú. Kì í fẹ́ fò. Ṣe ni yóò máa sáré lórí ẹ̀ka bí ọ̀kẹ́rẹ́. Ìgbà tó bá tó àkókò láti fò kọjá odò ló ń na apá, ẹ ó sì rí pupa kan tó yọ fòò, tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀!

Mo rí ìyẹ́ apá rẹ̀ kan he lọ́dún kan. Mo fi nu áńkáṣíìfù funfun, kò ràn mọ́ ọn. Osùn tí a lọ̀ lórí ọlọ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Ẹ bi ẹni tó ti gbé ọmọ tuntun tí wọ́n fi osùn pa lára. Mo rẹ ẹ́ sínú omi òjò di ọjọ́ kejì, omi mọ́ gaara. Mo wá po ọṣẹ dúdú sínú omi mìíràn, mo rẹ ẹ́ síbẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, omi ti pọ́n bí omi ìsápá. Àyà mi já. Àṣé òótọ́ ni màmá ń sọ?

Rárá. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, onímọ̀ kẹ́mísìrì tó ń jẹ́ Arthur Church, ló tú u wò lọ́dún 1869. Ó sọ àwọ̀ pupa náà ní turacin, ó sì bá bàbà nínú rẹ̀, bàbà kan náà tó wà nínú wáyà iná, nǹkan bíi 6 nínú 100. Nínú gbogbo ẹyẹ, ìdílé àlùkò nìkan ló ní in. Inú oúnjẹ ló ti ń rí bàbà yìí, ara rẹ̀ á sì fi ṣe àwọ̀ náà sínú ìyẹ́ bí ìyẹ́ ṣe ń hù. Kò lẹ̀ mọ́ ọn lára, inú rẹ̀ ló wà. Omi lásán kò lè yọ ọ́. Omi eérú àti omi ọṣẹ ló ń yọ ọ́, eérú sì ni ìyá ọṣẹ dúdú. Ẹni tó bá he ìyẹ́ tó dọ̀tí, tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, yóò rí omi pupa ní tòótọ́. Ojú rẹ̀ kò tàn án. Òjò tó dá lẹ́bi ni kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ẹ̀sùn mìíràn ni pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa ló ń jẹ. Orúkọ tí òyìnbó sọ ọ́, plantain-eater, ìyẹn ajẹ̀ọ̀gẹ̀dẹ̀, ló fa ìyẹn, àwọn ọmọdé sì ń tìtorí rẹ̀ sọ ọ́ ní òkò. Kò wọ́pọ̀ kó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Èso igi igbó ni oúnjẹ rẹ̀, ọ̀pọ̀tọ́ pàápàá, ìdí nìyẹn tó fi sọ ẹ̀yìnkùlé màmá dilé.

Síbẹ̀, n kì í gbe omi òjò lábẹ́ igi yẹn títí di òní. Ẹyẹ tó jẹ ọ̀pọ̀tọ́ yó láàárọ̀, ibì kan náà ni yóò yàgbẹ́ sí.