Oníbodè Inú Kọ̀ǹpútà: Ibi tí Dual Boot Ti Ṣẹ̀ Wá

Láptọ́ọ̀pù tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Pànṣẹ́kẹ́, l'Abẹ́òkúta, bí mo bá tàn án, ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ dúdú, orúkọ méjì á wá yọ: Ubuntu lókè, Windows nísàlẹ̀. Operating system ni méjèèjì, ìyẹn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà; kí méjì jọ wà lórí ẹ̀rọ kan ni wọ́n ń pè ní dual boot. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá ni ẹ̀rọ fi ń dúró dè mí kí n mú ọ̀kan. Bí n ò bá fọwọ́ kàn án, Ubuntu ló ń gbà lọ. Àwọn ọmọ iléèwé tó ń ti Alábàtà wá a máa rò pé àwa oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà la dọ́gbọ́n sí i. Rárá o. Ilé-iṣẹ́ IBM ti fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ láti 1983.

Nígbà tí PC wọn jáde lóṣù kẹjọ ọdún 1981, operating system mẹ́ta ni wọ́n kéde fún un: PC DOS, CP/M-86 àti UCSD p-System. Orí dískẹ́ẹ̀tì ni wọ́n wà. Ẹni tó bá fẹ́ òmíràn á yọ ti tẹ́lẹ̀, á ki tuntun bọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí PC XT dé ní 1983 pẹ̀lú hard disk mẹ́gábáìtì 10, inú ẹ̀rọ ni hard disk yẹn jókòó sí, kò ṣeé yọ síra. DOS 2.0 tó bá a wá ló mú ètò pínpín disk sí ìpín ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dé, kí operating system kọ̀ọ̀kan lè ní tirẹ̀. Báìtì 512 àkọ́kọ́ lórí disk ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un: àyè 446 fún àṣẹ tí ẹ̀rọ máa kọ́kọ́ kà, 64 fún àkọsílẹ̀ ààlà, méjì fún àmì ìdánimọ̀. Báìtì 16 ni ààlà ìpín kan ń gbà, nítorí náà ìpín mẹ́rin ló lè wọ̀ ọ́.

Ọmọ Abẹ́òkúta á tètè mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ̀gbá Aláké, Òkè-Ọnà, Gbágùrá, Òwu: mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń gbé ìlú kan, kálukú ló ní ọba tirẹ̀. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú ètò IBM ni pé ìpín kan ṣoṣo ni wọ́n ń fàmì sí, òun nìkan ni ẹ̀rọ á sì wọ̀. Bí o bá fẹ́ ibòmíràn, o ní láti lọ fi FDISK, irinṣẹ́ DOS fún pínpín disk, yí àmì náà padà, kí o tún ẹ̀rọ tàn. Kò sí oníbodè tí yóò bi ọ́ pé níbo lò ń lọ.

Oníbodè yẹn ni ìtàn yìí dá lé. OS/2 2.0, operating system IBM mìíràn, ní ọ̀kan, Boot Manager, ní 1992. Ṣùgbọ́n Linux, operating system tí Ubuntu jẹ́ ẹ̀yà rẹ̀, ló sọ ọ́ di dandan. Akẹ́kọ̀ọ́ ni Linus Torvalds ní Helsinki nígbà tó kéde iṣẹ́ rẹ̀ ní 1991, àwọn tó sì fẹ́ dán an wò, DOS ni wọ́n fi ń jẹun. Wọn ò lè lé e jáde. Werner Almesberger ló kọ oníbodè kan tó ń jẹ́ LILO fún wọn, mo sì bọ̀wọ̀ fún un gan-an. Bó bá ń ṣí, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni yóò máa kọ L-I-L-O sójú ẹ̀rọ. Bó bá dúró sórí "LI", wàhálà dé nìyẹn. Ojú ibi tí kernel, ọkàn Linux, wà lórí disk ló ń há sórí, kò mọ fáìlì. Bí o bá pààrọ̀ kernel láìjẹ́ kí LILO mọ̀, o ò ní wọlé mọ́. Ní 1995, Erich Boleyn ń wá bí GNU Hurd, operating system mìíràn, ṣe máa ṣí, ló bá kọ oníbodè tó ń jẹ́ GRUB, tó lè ka fáìlì fúnra rẹ̀. Òun náà ló ń dúró de èmi lónìí.

Windows ò wo ẹnikẹ́ni lójú ní tirẹ̀. Oníbodè tó bá bá lẹ́nu ọ̀nà, á lé e, á fi tirẹ̀ sípò. Mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ nígbà tí mo tún Windows ọmọbìnrin kan fi sí i, tí Linux rẹ̀ sì di àwátì. "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ àṣekágbá mi ńkọ́?" Ẹkún ti ń bọ̀ lójú rẹ̀. Kò sí nǹkan tó sọnù. Ìpín rẹ̀ wà níbẹ̀ digbí. CD Ubuntu ni ọ̀gá mi fi ṣí ẹ̀rọ náà, ó dá GRUB padà, ohun gbogbo sì yọ. Láti ọjọ́ náà, Windows ni mo máa ń kọ́kọ́ fi sí i, kí Linux tó tẹ̀ lé e.

Ubuntu yìí, 2004 ni Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, gbé e jáde. Títí di 2011 ni wọ́n ń fi CD rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́, nígbà tí dátà ṣì wọ́n bí ojú. Lórí ẹ̀rọ òde òní tó ń lo UEFI, ètò tuntun tí ẹ̀rọ fi ń ṣí, kálukú ló ní fáìlì ìṣílẹ̀kùn tirẹ̀ nínú ìpín kan náà, ìjà náà sì ti rọlẹ̀.

Aago nìkan ló kù. Linux máa ń fi aago ẹ̀rọ sí UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé, Windows sì gbà pé aago ìlú ni. Níwọ̀n bí Nàìjíríà ti fi wákàtí kan ṣáájú UTC, ẹni tó bá ti Ubuntu bọ́ sí Windows á rí i pé aago ti fà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Mo máa ń tẹ "timedatectl set-local-rtc 1" nínú Ubuntu, kí òun náà lè fi aago ẹ̀rọ sí aago ìlú, kí n tó dá ẹ̀rọ padà fún oníbàárà.