Kí Ẹ Tó Ra Apá Róbọ́ọ̀tì, Ẹ Wá Káfíńtà

Bí onílé-iṣẹ́ kan bá wá bá mi lórí ọ̀rọ̀ róbọ́ọ̀tì, iye tí wọ́n ń tà á ló kọ́kọ́ máa ń béèrè. Èmi náà á wá béèrè tèmi: "Níbo ni ọjà yín máa ń wà kí ọwọ́ tó kàn án?" Àwọn mìíràn máa ń wò mí bí ẹni tó ń yẹ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdáhùn ìbéèrè yìí ló máa sọ bóyá owó tí wọ́n fẹ́ ná yóò mówó wálé, tàbí apá irin náà yóò kàn dúró sí kọ̀rọ̀ kan tí eruku yóò máa bò ó.

Iṣẹ́ mi ni láti bá àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké to ẹ̀rọ wọn, láti Òṣogbo dé Ẹdẹ àti Ìkìrun: ilé ọṣẹ, ilé omi, àwọn tó ń rọ epo pupa sínú ike, àwọn tọ́nà tó ń fi ẹ̀rọ gé irin àti àwọn wẹ́dà. Láti ìgbà tí fídíò róbọ́ọ̀tì ti wà lórí fóònù gbogbo èèyàn ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń gbóná sí i, ó sì dùn mọ́ mi nínú. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí ni pé fídíò kì í fi ohun tó wà lábẹ́ apá náà hàn yín.

Róbọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ tó wọ ilé-iṣẹ́, Unimate, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1961 ní ilé-iṣẹ́ General Motors kan ní New Jersey, ní Amẹ́ríkà. Irin gbígbóná ló ń gbé jáde nínú ẹ̀rọ tó ń fi irin yíyọ́ mọ nǹkan, iṣẹ́ tó máa ń jó èèyàn. Ó wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni róbọ́ọ̀tì ṣe rí: ńlá, inú ọgbà irin ni wọ́n ń dè é mọ́, akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nìkan ló lè bá a sọ̀rọ̀, ilé-iṣẹ́ tó sì ń ṣe ohun kan ṣoṣo lọ́dún dé ọdún ló ń jẹ èrè rẹ̀. Ní 2005 ni àwọn mẹ́ta kan ní ìlú Odense, ní Dẹ́ńmáàkì, dá Universal Robots sílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2008 wọ́n ta àkọ́kọ́ fún Linatex, ilé-iṣẹ́ kan ní orílẹ̀-èdè wọn níbẹ̀ tó ń ta ohun èlò ike àti rọ́bà. Apá tí wọ́n ń pè ní UR5 yẹn wúwo tó kílò 18.4, ó lè gbé ẹrù kílò 5, ó sì lè nawọ́ dé ibi tó jìnnà tó sẹ̀ńtímítà 85. Ọkùnrin kan lè tú u lórí tábìlì yìí kó gbé e lọ sórí òmíràn. Lónìí àwọn ará Jámánì, Japan, Kòríà àti Ṣáínà ń ṣe irú rẹ̀. Irú èyí ni mò ń sọ.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ níṣẹ́ ló mú un rọrùn. Kò dìgbà tí ẹ bá jókòó ti kọ̀ǹpútà kọ nǹkan rẹpẹtẹ. Bọ́tìnnì kan wà lẹ́yìn pátákó ìdarí rẹ̀, ohun bíi tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún un. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, oríkèé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà lára apá náà á dẹ̀, ẹ ó sì lè fọwọ́ fà á lọ síbi tó wù yín, bí olùkọ́ ṣe máa ń di ọwọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi mú kó lè kọ A. Ẹ fà á dé orí ọjà, ẹ ní kó rántí ibẹ̀, kó di í mú. Ẹ fà á dé inú páálí, ẹ ní kó rántí ibẹ̀, kó fi í sílẹ̀. Ó parí. Ọmọ iṣẹ́ tó mọ fóònù Android lò dáadáa á ti mọ èyí kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Bí ẹ bá ti fi orúkọ pamọ́ fún iṣẹ́ náà, ó wà níbẹ̀. Ọjọ́ Ajé ó lè to ọṣẹ, Ọjọ́bọ̀ ẹ pààrọ̀ ìka rẹ̀ (ohun tó fi ń di ọjà mú), ẹ pe iṣẹ́ mìíràn jáde, ó ń to ike epo.

Ṣùgbọ́n ojú ò sí lára rẹ̀. Ibi tí ẹ ní kó lọ ló máa lọ, yálà ọjà wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ní ilé ọṣẹ, bí wọ́n bá ti gé ọṣẹ tán, inú bàsíà ni wọ́n máa ń dà á sí. Àwọn ìyá tó ń wé e á nawọ́ sínú bàsíà láìwò ó, wọ́n á mú un, wọ́n á yí ojú rẹ̀ síbi tó yẹ, wọ́n á sì wé e, gbogbo rẹ̀ bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Apá róbọ́ọ̀tì tí kò lójú kò lè ṣe èyí rárá. Bí ọṣẹ bá fi ìbú ìka méjì yẹ̀ kúrò níbi tí ẹ fi hàn án, ó lè di afẹ́fẹ́ mú kó sì máa bá tirẹ̀ lọ, ó sì lè fi ìka tẹ etí ọṣẹ kó sì dúró gbagidi pé òun kọlu nǹkan. Kámẹ́rà wà tí wọ́n lè so mọ́ ọn. Owó mìíràn nìyẹn, iná gbọ́dọ̀ máa tàn sí i bákan náà ní òwúrọ̀ àti ní ọ̀sán, ẹ ó sì máa nu eruku ọyẹ́ kúrò lójú rẹ̀ láràárọ̀.

Ibi tí káfíńtà ti wọ ọ̀rọ̀ nìyí. Ẹ ní kó gbẹ́ pátákó kan fún yín tó ní ihò mẹ́rìnlélógún, mẹ́fà lóròó, mẹ́rin níbùú, kí àlàfo àárín wọn dọ́gba, kí ọṣẹ kan ṣoṣo jókòó rẹ́gí sínú ihò kọ̀ọ̀kan. Kí ó kan igi sí igun tábìlì méjì kí pátákó náà lè máa fìdí kalẹ̀ sí ojú kan náà nígbàkígbà. Ẹ ó fi ihò igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìkan han róbọ́ọ̀tì. Òun fúnra rẹ̀ á ṣírò ogún tó kù. Àwọn ìyá yẹn á máa to ọṣẹ sínú ihò bí wọ́n ṣe ń gé e, ojú wọn á sì máa bá ọṣẹ tó sán tàbí tó ní ihò nínú pàdé. Ẹ má fi ojú yìí ṣeré, nítorí róbọ́ọ̀tì á fi ọṣẹ tó bàjẹ́ sínú páálí láìbìkítà.

Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé bí wọ́n bá ti gbẹ́ pátákó yìí tán, iṣẹ́ á yá tó bẹ́ẹ̀ tí onílé-iṣẹ́ á fi sọ pé òun fẹ́ dúró ná. Inú mi kì í bàjẹ́ sí i. Owó pátákó àti owó iṣẹ́ káfíńtà ló ná, ó sì ti yanjú ohun tó fẹ́ fi mílíọ̀nù yanjú.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ọ̀rọ̀ owó láìfi nǹkan pamọ́. Irú apá yìí tó ti Yúróòpù wá sábà máa ń ju 20,000 dọ́là lọ. Ti Ṣáínà rọjú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá ṣírò dọ́là kan sí ₦1,500, mílíọ̀nù 30 náírà nìyẹn, apá lásán sì ni o, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: ìka rẹ̀, ìdúró rẹ̀, kọ́sítọ́ọ̀mù, ẹni tó máa wá to gbogbo rẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ ₦70,000, ìyẹn ₦840,000 lọ́dún. Owó oṣù òṣìṣẹ́ kan fún ọdún márùnlélọ́gbọ̀n ló wà nínú apá yẹn. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín ní Òṣogbo pé kí ẹ ra róbọ́ọ̀tì kí ẹ lè dá òṣìṣẹ́ méjì dúró kò bá yín ṣírò. Ní Dẹ́ńmáàkì, níbi tí owó iṣẹ́ wákàtí kan ti ga gan-an, ìṣirò yẹn lè jáde. Níbí, kò lè jáde.

Ibi tó ti lè jáde ni ibi tí ẹ̀rọ olówó ńlá ti ń dúró de ọwọ́. Òṣogbo kì í ṣe àjèjì sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ní 1980 ni wọ́n dá Nigeria Machine Tools sílẹ̀ níbí láti máa ṣe ẹ̀rọ lathe (èyí tó ń yí irin kí wọ́n lè gé e) àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn tọ́nà àgbà tó kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ sì ṣì wà láàárín wa. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹnì kan ní ẹ̀rọ CNC kan, ìyẹn èyí tí kọ̀ǹpútà ń darí, tó ń gé irin yíyí kan ní ìṣẹ́jú mẹ́rin. Lẹ́yìn mẹ́rin yẹn, ẹ̀rọ náà á dúró kí ọmọ iṣẹ́ tó yọ èyí tó ti tán kó sì fi òmíràn sí i. Bí ọmọ iṣẹ́ bá lọ jẹun, ẹ̀rọ náà lọ jẹun. Bí alẹ́ bá lẹ́, ó sùn. Apá tó kàn ń yọ, tó ń fi sí i láti orí pátákó tí irin ogójì tò sí, lè fi ohun tó lé ní wákàtí méjì ààbọ̀ kún ọjọ́ ẹ̀rọ náà lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn bá ti relé. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni Linatex kọ́kọ́ fi tirẹ̀ ṣe. Lathe àfọwọ́yí ò bá a mu, nítorí kò sí ẹni tó máa bá róbọ́ọ̀tì fún irin mọ́ ẹnu ẹ̀rọ.

Ilé omi ló máa ń béèrè jù, àwọn ni mo sì máa ń sọ fún pé kí wọ́n fara balẹ̀. Àpò pure water kan ní ọ̀rá ogún, ọ̀rá kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50cl, kílò mẹ́wàá nìyẹn. Ìka tó máa gbé e náà lè wúwo tó kílò méjì, inú ohun tí apá lè gbé ni wọ́n sì ń yọ ọ́ kúrò. Apá kílò 5 ti jáde nínú ọ̀rọ̀. Àpò náà tún rọ̀, ó ń yí padà bí wọ́n ṣe ń gbé e, ó máa ń lómi lára, ohun tó ń fi afẹ́fẹ́ fa nǹkan mọ́ra kì í sì í dì í mú dáadáa. Ó ṣeé ṣe, wọ́n ń ṣe é níbòmíràn pẹ̀lú apá tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò yẹ kó jẹ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹ ó fi kọ́ ẹ̀rọ. Bẹ́líìtì kan tó ń gbé àpò lọ sí ẹnu mọ́tò á ṣe yín lóore púpọ̀, kò sì ní gbà tó bẹ́ẹ̀.

Iye iná tí apá náà ń jẹ kọ́ ni ìṣòro bí àwọn èèyàn ṣe rò ó. Apá kílò 5 kan máa ń jẹ bíi 200 wátì. Wákàtí mẹ́jọ, yúníìtì 1.6. Ní iye ₦225 tí wọ́n kéde fún Band A ní oṣù Kẹrin 2024, ₦360 nìyẹn lójúmọ́. Kọ́ńpírẹ́sọ̀ tí wọ́n fi ń gbé ìka rẹ̀ ṣiṣẹ́ ló ń jẹ iná: èyí tó jẹ́ 1.5 kílówátì, bó bá ṣiṣẹ́ fún ìdajì ọjọ́ iṣẹ́ náà, ₦1,350. Ẹ béèrè ìka tó ń lo iná tààrà, tí kò nílò kọ́ńpírẹ́sọ̀. Ohun tó ń ba apá fúnra rẹ̀ jẹ́ ni iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Bí iná bá lọ, bíréèkì inú oríkèé rẹ̀ á dì í mú, kò ní já lu ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ wá tún un tàn, kó yọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó tó bẹ̀rẹ̀ padà. Ẹ fi ìnfátà sí i, ẹ má sì jẹ́ kí òun àti ẹ̀rọ wẹ́dà jọ wà lórí ìlà iná kan náà.

Àwọn tó ń tà á á ní apá náà kò nílò ọgbà irin, pé bó bá kan èèyàn á dúró. Òótọ́ ni, ìwé ìlànà ISO/TS 15066 tó jáde ní 2016 tilẹ̀ sọ bí ìkọlù ṣe gbọ́dọ̀ mọ fún ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ kì í ṣe apá náà nìkan ló yẹ kí ẹ wò, ẹ gbọ́dọ̀ wo ọ̀bẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Apá tó di irin ẹlẹ́nu mú á gún èèyàn kó tó dúró. Apá tó ń jó irin pọ̀ kò ní kí iná wẹ́dà má ba ojú jẹ́. Ẹ dúró níbi tí òṣìṣẹ́ yín máa dúró sí, kí ẹ wò ó bóyá ó ń gba iwájú ojú kọjá. Bó bá ń gbà á, ẹ yí ọ̀nà rẹ̀ padà sísàlẹ̀. Kí ẹ dín eré rẹ̀ kù níbi tí èèyàn bá wà, kí ẹ sì gbà pé iye tó máa ṣe lójúmọ́ náà á dín kù.

Ẹ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ yín kí ẹ̀rọ tó dé, kì í ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń já a sílẹ̀ lórí mọ́tò. Ẹni tó ti ń fọwọ́ ṣe iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe olùkọ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi kún owó rẹ̀. Òun ló mọ ibi tí ọjà ti máa ń há.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ kó ọjà yín àti pátákó yín ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tà á, ẹ ní kí apá náà fi wọ́n ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì, kí wọ́n ya fídíò rẹ̀ láìgé e. Ẹ ka iye ìgbà tí ọwọ́ èèyàn wọ inú fídíò náà. Ẹ béèrè ẹni tó ní ohun èlò rẹ̀ ní Èkó, àti ọjọ́ mélòó ló máa gbà kó tó dé Òṣogbo bí oríkèé kan bá kọṣẹ́. Bí ẹ bá sì ní ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ ní pólì Ìrèé tàbí ti Ẹdẹ, ẹ ní kó bẹ̀rẹ̀ lónìí: Universal Robots ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní URSim, tó máa ń gbé pátákó ìdarí róbọ́ọ̀tì gan-an wá sójú kọ̀ǹpútà alágbèéká. Kó fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń to pátákó oníhò mẹ́rìnlélógún. Bó bá ṣe é tó sì yé e, ẹ wá pè mí.