Báwo la ṣe ń mọ̀ pé eku ń jẹ̀rora?

Ohun tó ń dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Eku kò lè sọ tirẹ̀, síbẹ̀ ara eku la ti kọ́ púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa ìrora iṣan ìmọ̀lára. Àwọn aláìsàn mi máa ń bi mí pé kí ló kan eku nínú ọ̀rọ̀ tiwọn. Ìbéèrè gidi ni.

Ẹ jẹ́ ká mú àìsàn tí à ń pè ní shingles. Fáírọ́ọ̀sì tó ń fa ṣíkínpọ́ọ̀sì lára ọmọdé kì í kúrò lẹ́yìn tí ara ọmọ bá ti yá. Ṣe ló máa ń lọ sá pamọ́ sínú àwọn kókó iṣan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, ó sì lè wà níbẹ̀ fún 50 ọdún láìṣe nǹkan kan. Tí ọjọ́ orí bá dé, tàbí tí àìsàn mìíràn bá gba agbára ara, á jí, á tọ iṣan wá sí awọ ara, ìléròrò á sì yọ sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ní àyà, ní ikùn tàbí lójú. Ìléròrò á gbẹ. Ṣùgbọ́n iṣan tí fáírọ́ọ̀sì gbà kọjá ti bàjẹ́, ìrora rẹ̀ sì lè kọjá oṣù mẹ́ta, kó di ọdún. Mo ti tọ́jú ìyá àgbà tí kò lè wọ bùbá mọ́, nítorí pé aṣọ ò gbọdọ̀ kan ìhà rẹ̀.

A ò lè la ẹ̀yìn irú ìyá bẹ́ẹ̀ ká yọ kókó iṣan wò. Ìdí tí a fi ń lo ẹranko nìyẹn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ènìyàn ni fáírọ́ọ̀sì yìí ń bá jà. Ìléròrò kì í yọ lára eku. Ní 1999, Susan Fleetwood-Walker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Edinburgh, ní Scotland, kéde pé àwọn fi fáírọ́ọ̀sì náà sí àtẹ́lẹsẹ̀ eku. Nǹkan kan ò yọ sí i lára, àmọ́ ẹsẹ̀ náà ò fẹ́ kí nǹkan kan òun mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ní Toyama, ní Japan, ẹbí fáírọ́ọ̀sì yìí tó ń fa egbò ẹnu ni wọ́n lò lára eku kéékèèké, ìyẹn sì yọ ìléròrò.

Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n rèé. Wọ́n á gbé eku sórí nẹ́ẹ̀tì onírin tó ga sókè, wọ́n á dúró kí ara rẹ̀ balẹ̀. Òṣìṣẹ́ á mú fọ́nrán náílọ̀nù tẹ́ẹ́rẹ́, á gba ìsàlẹ̀ nẹ́ẹ̀tì fi kan àtẹ́lẹsẹ̀ eku títí fọ́nrán á fi tẹ̀. Fọ́nrán kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n agbára tirẹ̀. Max von Frey, tó ṣiṣẹ́ ní Jámánì, ló mú ọgbọ́n yìí wá ní nǹkan bí 130 ọdún sẹ́yìn. Irun gidi ni tirẹ̀. Eku tí ara rẹ̀ dá kì í ka fọ́nrán fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí. Èyí tí iṣan rẹ̀ bàjẹ́ á fa ẹsẹ̀ yọ wàrà, á gbé e sókè, á máa lá a. Tí wọ́n bá fún un ní gabapentin, oògùn tí a ń lò fún ìrora iṣan, á rọjú díẹ̀, bó ṣe máa ń rí fún àwọn kan lára àwọn aláìsàn wa.

Àmọ́ o, fífa ẹsẹ̀ yọ nìkan kọ́ ni ìrora. Ìyá tí mo sọ yẹn kò wá sọ fún mi pé fọ́nrán kan òun. Oorun tí kò rí sùn àti ọjà tí kò lè lọ mọ́ ló ń sọ. Andrew Rice àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Imperial College, London, rí èyí. Wọ́n gbé eku tó ní fáírọ́ọ̀sì yìí sínú àpótí ńlá tí kò ní ìdérí. Gbogbo eku ló máa ń fara mọ́ ògiri, ṣùgbọ́n èyí tára ẹ̀ dá á jáde sí àárín wá wo nǹkan. Èyí tó ń jẹ̀rora kì í fẹ́ kúrò lẹ́bàá ògiri. Àwọn mìíràn máa ń fún eku ní páìpù tó kún fún òkúta wẹ́wẹ́: èyí tára ẹ̀ le á hú u jáde, èyí tó ń jẹ̀rora á fi í sílẹ̀. Lójú tèmi, irú àyẹ̀wò yìí ló sún mọ́ ìgbé ayé aláìsàn jù.

Síbẹ̀, kí nǹkan mú ara eku yá kò tíì sọ nǹkan náà di oògùn fún ènìyàn. Oògùn kan wà, EMA401, tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lára eku. Ní 2014, wọ́n tẹ ìròyìn jáde pé ó dín ìrora kù fún àwọn tí shingles fi ìrora sílẹ̀ fún, nínú àyẹ̀wò tí 183 aláìsàn kópa nínú rẹ̀ fún ọjọ́ 28. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì dá a dúró ní 2019, nítorí pé ẹ̀dọ̀ àwọn ẹranko tó lò ó pẹ́ bàjẹ́. Inú mi kò dùn sí i, àmọ́ ẹranko ló jẹ́ ká tètè mọ̀ kí ẹ̀dọ̀ ènìyàn tó bàjẹ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá kà á lórí fóònù pé eku ti gbádùn, ẹ béèrè ohun tí wọ́n wọ̀n: ṣé ẹsẹ̀ tó fà yọ ni, àbí ohun tó tún lè ṣe? Bí ìléròrò bá sì yọ sí ẹ̀gbẹ́ kan ara yín, tó ń ta, ẹ má dúró dìgbà tó bá gbẹ. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn láàárín wákàtí 72, torí àsìkò yẹn ni oògùn fáírọ́ọ̀sì bí acyclovir ń ṣiṣẹ́ jù. Tó bá jẹ́ ìtòsí ojú ló ti yọ, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ.