Àpèjúwe irinṣẹ́ fún ejẹ́ńtì AI

Àpèjúwe irinṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ tí ẹni tó kọ ètò kọ̀ǹpútà fi ń sọ fún ejẹ́ńtì AI (ètò kọ̀ǹpútà onílàákàyè tó ń fúnra rẹ̀ pe àwọn ètò mìíràn, ìyẹn irinṣẹ́, láti ṣe iṣẹ́ tí a rán an) ohun tí irinṣẹ́ kan ń ṣe, ìgbà tó yẹ kó pè é, ohun tó gbọ́dọ̀ kó fún un àti ohun tí yóò gbà padà. Ejẹ́ńtì kì í sábà rí kóòdù tó wà nínú irinṣẹ́. Orúkọ, àpèjúwe àti àtẹ àwọn àyè ìwífún (ibi tí ejẹ́ńtì ń kọ ohun tó ń kó fún irinṣẹ́ sí) ló ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń pinnu. Irinṣẹ́ tí kóòdù rẹ̀ pé pérépéré lè di aláìwúlò bí àpèjúwe rẹ̀ bá ṣókùnkùn.

OpenAI, ilé-iṣẹ́ AI, fi pípe irinṣẹ́ sínú API rẹ̀ (ọ̀nà tí ètò kọ̀ǹpútà mìíràn ń gbà bá AI náà sọ̀rọ̀) ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Anthropic, ilé-iṣẹ́ AI mìíràn, gbé MCP jáde, ìlànà síso ejẹ́ńtì pọ̀ mọ́ irinṣẹ́, tó jẹ́ kí irinṣẹ́ kan náà wúlò fún oríṣiríṣi ejẹ́ńtì. JSON Schema, ọ̀nà kíkọ irú ìwífún tí àyè kọ̀ọ̀kan ń gbà, ni àwọn méjèèjì fi ń to àwọn àyè ìwífún. Orúkọ irinṣẹ́ lórí API OpenAI àti ti Anthropic kò gba àmì ohùn: lẹ́tà lásán, nọ́ńbà, _ àti - nìkan ni. Nítorí náà, wa_iye_obi ni a ó kọ, kì í ṣe wá_iye_obì.

Àpẹẹrẹ láti ọjà obì

Ká ní oníṣòwò obì kan ní Ṣágámù ní ejẹ́ńtì tó ń dá àwọn oníbàárà lóhùn. Bí àpèjúwe irinṣẹ́ rẹ̀ bá kàn sọ pé “Ó ń wá iye obì”, kò tíì sọ nǹkan kan. Ṣé gbànja ni àbí obì àbàtà? Ṣé iye apẹ̀rẹ̀ kan ni àbí ti kílò? Ti ọjọ́ wo? Ejẹ́ńtì lè má dúró béèrè. Ó lè méfò, kó sì fi ìdánilójú sọ ohun tó méfò. Èyí tó dára jù rèé:

“Irinṣẹ́ yìí ń mú iye owó apẹ̀rẹ̀ obì kan wá láti inú àkọsílẹ̀ ọjà Ṣágámù. Lò ó nígbà tí oníbàárà bá béèrè iye tí wọ́n tà á ní ọjọ́ kan pàtó. Má lò ó fún owó ọkọ̀; wa_owo_oko ló wà fún ìyẹn. Náírà ni èsì rẹ̀. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀ fún ọjọ́ náà, yóò dá ‘kò sí’ padà, kò ní fi iye ọjọ́ mìíràn dípò.”

Gbólóhùn tó sọ ìgbà tí kò yẹ ká lò ó ni àwọn tó ń kọ̀wé sábà máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun ló ń ya irinṣẹ́ méjì tó jọra sọ́tọ̀. Àbá Anthropic ni pé kí àpèjúwe má dín ní gbólóhùn mẹ́ta sí mẹ́rin. Kò yẹ kó gùn ju bó ti yẹ lọ náà, torí pé gbogbo àpèjúwe tí a kó fún mọ́dẹ́ẹ̀lì, AI tó ń ronú fún ejẹ́ńtì, ló ń gba àyè, ó sì ń jẹ owó tókìn (ègé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣírò owó).

Àwọn àyè ìwífún

Níbi tí ìdáhùn kò bá ju díẹ̀ lọ, ẹ fún un ní àkójọ ìdáhùn tí yóò ti mú ọ̀kan: “gbanja” tàbí “abata”. Fún ọjọ́, ẹ kọ ọdún, oṣù àti ọjọ́ bíi 2025-03-06, nítorí 3/6 lè jẹ́ ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta tàbí ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà. Owó ń fẹ́ ìṣọ́ra jùlọ: kọ́bọ̀ ni Paystack, ilé-iṣẹ́ tó ń bá oníṣòwò gba owó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ń fẹ́ kí a fi kọ iye owó, kì í ṣe náírà. Ejẹ́ńtì tó fẹ́ béèrè náírà 5000, tó sì fi 5000 ránṣẹ́ láì sọ ọ́ di kọ́bọ̀, náírà 50 ló béèrè.

Orúkọ ìlú ní ìṣòro tirẹ̀. “Ìjẹ̀bú” nìkan kò tó, nítorí Ìjẹ̀bú-Òde, Ìjẹ̀bú-Igbó àti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ wà ní Ògùn, Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà sì wà ní Ọ̀ṣun. Kí àpèjúwe pàṣẹ pé kí ejẹ́ńtì béèrè lọ́wọ́ oníbàárà. Àwọn ènìyàn tún ń kọ Ṣágámù, Sagamu àti Shagamu. Àmì pàápàá lè tanni: “ọ̀” kò ní kóòdù Unicode (nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀) kan ṣoṣo. Ó lè jẹ́ méjì (U+1ECD àti U+0300) tàbí mẹ́ta (o, U+0323 àti U+0300); ojú kò mọ ìyàtọ̀, kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n. Inú irinṣẹ́ ni kí a ti sọ àwọn ọ̀nà ìkọ àmì wọ̀nyí di ọ̀kan pẹ̀lú NFC, ìlànà Unicode fún iṣẹ́ yẹn, kó tó wá ìlú náà.

Àṣìṣe àti ìdánwò

“Àṣìṣe 400”, ìdáhùn tó kàn ń sọ pé ohun tí a fi ránṣẹ́ kò tọ̀nà, kò kọ́ ejẹ́ńtì ní nǹkan kan. “Ọjọ́ gbọ́dọ̀ rí báyìí: 2025-03-06” yóò jẹ́ kó tún un ṣe fúnra rẹ̀. Irinṣẹ́ tó ń sanwó tàbí tó ń pa àkọsílẹ̀ rẹ́ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ gbangba pé ohun tí òun bá ṣe kò ṣeé dá padà. Síbẹ̀, àpèjúwe kì í ṣe àgádágodo. Inú kóòdù ni òdiwọ̀n owó àti ìfọwọ́sí ènìyàn gbọ́dọ̀ wà.

Láti dán an wò, a ó kó ìbéèrè bí oníbàárà ṣe ń sọ ọ́ gan-an jọ, títí kan èyí tí kò nílò irinṣẹ́ kankan, a ó sì wo irinṣẹ́ tí ejẹ́ńtì pè àti ohun tó kó fún un. Gbólóhùn kan ni ká yí padà lẹ́ẹ̀kan, ká tún gbogbo ìbéèrè náà bi í. Bí a bá yí mẹ́ta pọ̀, a kò ní mọ èyí tó tún un ṣe tàbí èyí tó bà á jẹ́.